Èmi dá olè sílẹ̀, àbúrò mi bẹ́ ẹ lórí, ibì kan náà la já sí. Kí ni wọ́n wá ń bi wá fún?

Ọmọ_Bárígà | Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó lọ pa akọni tí mo ti fi oṣù méjì tọ́ dàgbà rẹ́.

Géèmù kan wà tí èmi àti àbúrò mi ń ṣe, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí èèyàn fi ń di akọni nínú ìtàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ yín, ẹ ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ ó máa jà nítorí orúkọ. Kọ̀ǹpútà kan péré ló wà nílé. Òun ń lò ó lọ́sàn-án, èmi ń lò ó lóru tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, bí NEPA bá gbà fún wa. Níbẹ̀rẹ̀ ìtàn, wọ́n á mú olè kan wá síwájú rẹ, wọ́n á ní kí o dá ẹjọ́ rẹ̀: ṣé kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí ni, àbí kó máa lọ? Orin á yí padà, ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn, wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayé kò ní gbàgbé ohun tí o bá yàn. Èmi ronú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Mo ní kó máa lọ. Àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà tán tó fi bẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo dé etídò kan. Ta ni mo bá níbẹ̀? Olè mi. Ó ní, "Ọ̀nà òkè ti dí, inú ihò ni kí o gbà." Inú mi dùn, mo pe àbúrò mi pé kó wá wo èrè àánú. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n olè tí òun pa, obìnrin kan báyìí, ló dúró de òun ní etídò yẹn, ohun tó sì sọ ni pé, "Ọ̀nà òkè ti dí, inú ihò ni kí o gbà." Kò yọ ọ̀kan, kò fi ọ̀kan kún un! Ẹni tí wọ́n pa àbúrò rẹ̀ ló ń júwe ọ̀nà fún apànìyàn bí ẹni ń ta búrẹ́dì.

Ẹ wò ó, bí èèyàn bá ń ti Mainland lọ sí Island, afárá mẹ́ta ló wà. Gba Carter, gba Èkó Bridge, gba Third Mainland, Èkó náà lo máa bọ́ sí. Ṣé bí ọ̀rọ̀ géèmù wọ̀nyí ṣe rí nìyẹn?

Otigba_Wáyà | 9:20

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí olè kan ṣoṣo. Wá bá wa ṣiṣẹ́ ní Computer Village fún ọjọ́ kan, ọkàn rẹ á le.

Alàgbà_Máríínà | 9:41

Ọmọ Bárígà, farabalẹ̀, má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Èmi ti ń ṣe irú géèmù báyìí láti ìgbà tí a máa ń san owó òru mọ́jú ní kafé ní Yàbá, tí ẹ̀fọn á ti jẹ wá tán kí ojú ìwé kan tó ṣí. Ohun tó ṣe ọ́ yìí kì í ṣe tuntun.

Guild Wars 2 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Ó níbi tí ìtàn dé tí wàá yan ẹgbẹ́ kan nínú mẹ́ta: Vigil, àwọn ológun, Durmand Priory, àwọn ọ̀mọ̀wé, tàbí Order of Whispers, àwọn amí. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí yóò máa mú ọ rìn. Forgal ni ti Vigil, Sieran ni ti Priory, Tybalt ni ti Whispers. Ẹ ó jọ jà, ẹ ó jọ ṣàwàdà. Nígbà tó bá yá, ogun àwọn òkú á ya bo erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Claw Island. Ẹni tó ń mú ọ rìn á ní kí ẹ máa sá lọ, òun á dúró dì wọ́n lọ́wọ́. Ibẹ̀ náà ló máa kú sí. Bí o yan Forgal, bí o yan Sieran, bí o yan Tybalt, erékùṣù kan náà ni, ikú kan náà ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀, ẹnu yà mí. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Tybalt ni mo yàn. Charr ni, ẹ̀dá onírun tó jọ ẹranko ẹhànnà, ọwọ́ rẹ̀ kan kì í ṣe tirẹ̀, rírọ ni wọ́n rọ ọ́. Ó fẹ́ràn èso ápù bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súìtì. Títí dòní, bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́ tí mo sì rí àwọn tó gbé ápù sórí tí wọ́n ń lé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ mi tó yan Sieran kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ikú kan náà ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òkú wa kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ọmọ_Bárígà | 9:50

Ẹ̀gbọ́n, ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ń tù mí nínú ni, ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà | 9:58

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ápù o, afárá ni mo mọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ibì kan náà ni wọ́n já sí? Ẹ̀yin ará Mainland, gbogbo Èkó ni ẹ ń pè ní "Island" bíi pé yàrá kan ni. Carter ló dàgbà jù nínú wọn, 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, àárín Ìdúmọ̀tà ló máa já ọ sí, láàárín alárù àti ọlọ́mọlanke. Èkó Bridge á já ọ sí Apọ́ńgbọ̀n. Third Mainland ní tirẹ̀, kìlómítà 11.8 lo máa fi wo ọ̀sà kí o tó rí Adéníji, bí awakọ̀ rẹ kò bá sì fẹ́ dúró, ó di Ọ̀báléndé. Ẹ̀yìn Ìdúmọ̀tà ni ilé bàbá wa wà. Ẹni tó bá gba Third Mainland wá kí mi, tó bá fi máa dé, mo ti jẹun tán.

Ìyẹn ni pé ohun tí o bá pàdé lọ́nà, ó wà nínú ìrìn àjò náà.

Otigba_Wáyà | 10:01

Ọ̀rọ̀ géèmù ti di ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ẹ kú iṣẹ́.

Tìtí_Àkókà | 10:37

Ẹ má bínú pé mo pẹ́, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Èmi máa ń kọ eré fún rédíò, mo sì ti bá àwọn ọmọ kan kọ ọ̀rọ̀ sínú géèmù kékeré ti orí fóònù. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ìkòkò, torí inú ilé ìdáná ni mo ti ń bọ̀.

Ká ní ìtàn kan ní ibi ìpinnu mẹ́wàá, ohun méjì sì ni èèyàn lè yàn níbi kọ̀ọ̀kan. Bí n kò bá jẹ́ kí àwọn ọ̀nà náà tún pàdé, òpin 1,024 ni mo ní láti kọ. Bí ìpinnu bá di ogún, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ta ló fẹ́ kọ ọ́? Ta ló fẹ́ sanwó fún àwọn òṣèré tí yóò fi ohùn sọ ọ́? Ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń ṣe: ọ̀nà á pín, á rìn díẹ̀, á tún pàdé. Ọmọ Bárígà, obìnrin tó dúró ní etídò yẹn, èmi náà ì bá ti fi í síbẹ̀. Ibi tí mo ti bá ẹni tó kọ ọ́ wí ni pé ó ya ọ̀lẹ. Obìnrin tí o pa àbúrò rẹ̀ kò lè sọ gbólóhùn tí olè tí o dá sílẹ̀ ń sọ. Ó lè tutọ́ sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó lè júwe ọ̀nà kó má wo ojú rẹ. Kó tilẹ̀ dákẹ́, kó na ọwọ́ sí ihò yẹn lásán, o ó mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló máa ná an.

Ẹ wo ti àwọn tó lówó. Star Wars: The Old Republic jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2011. Ìtàn mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún irú akọni kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá yàn láti jẹ́, òṣèré ló sì sọ ọ̀rọ̀ inú wọn. Ní 2016, nínú àfikún tí wọ́n pè ní Knights of the Eternal Throne, ó dé ibì kan tí wọ́n á ní kí o ran ọ̀kan lọ́wọ́ nínú ẹni méjì tó ń bá ọ rìn, Vette tàbí Torian. Èyí tí o kò bá ràn lọ́wọ́ á kú, kò sì ní jí mọ́. Ìpinnu gidi nìyẹn, àbí? Ẹ wá wo ohun tó ná òǹkọ̀wé. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ kí Vette sọ̀rọ̀ nínú orí tuntun, ó gbọ́dọ̀ rántí pé Vette ti kú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Nítorí náà, ó di kó kọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó fi Vette sí igun kan kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ẹni tí o gbà là gan-an á wá máa kú díẹ̀díẹ̀.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé olè rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ ohun kan náà. Kì í ṣe pé wọn kò bìkítà. Àpò ló mọ níbẹ̀.

Bàbá_Ìbejì_Ṣúrùlérè | 11:05

Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni gbogbo yíyàn yìí? Mo ní ìbejì ọlọ́dún mẹ́rin nílé, mo ní ìyàwó, mo ní ọ̀gá níbi iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń yàn. Bí mo bá jókòó lálẹ́, ẹ sọ ìtàn fún mi kí n gbọ́, ó parí.

Final Fantasy XIV ni èmi ń ṣe. Bí wọ́n bá fún ọ ní èsì méjì níbẹ̀, ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ á dáhùn lọ́nà méjì, ìtàn á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó tàn ọ́ jẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2010, kò dára rárá, àwọn èèyàn sì sọ ọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú òṣùpá kan tó ń pọ́n bí ẹ̀yinná, wọ́n sọ ọ́ di ńlá lójú ọ̀run láti oṣù dé oṣù, nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2012, ó já lulẹ̀, dírágónì kan tó ń jẹ́ Bahamut jáde láti inú rẹ̀, ó ba ayé náà jẹ́, wọ́n sì pa sẹ́fà, ẹ̀rọ tí ayé géèmù ń gbé inú rẹ̀. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2013 kí ayé tuntun tó jáde, wọ́n pè é ní A Realm Reborn. Ta ló dìbò sí i? Kò sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó dúró nínú rẹ̀ títí sẹ́fà fi kú ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni tó la ogun já.

Nígbà tí ìyá mi ń pàlọ́ ìjàpá fún wa ní Mushin, ṣé wọ́n bi wá bóyá kí ìjàpá jalè àbí kó má jalè?

Tìtí_Àkókà | 11:11

Wọn ò bi yín, ṣùgbọ́n ta ló ń gbe orin? Ẹ jẹ́ kí gbogbo yín dákẹ́ níbi orin, kí ẹ wá wò ó bóyá àlọ́ náà á lọ síbì kankan. Ìyá yín sì mọ ìgbà tí ẹ bá ti ń tòògbé, wọ́n á gé e kúrú. Bí inú yín bá dùn, ìjàpá á tún rí igi mẹ́ta mìíràn gùn kó tó já lulẹ̀.

Bàbá_Ìbejì_Ṣúrùlérè | 11:13

Ọmọ yìí, o ti pàlọ́ fún ọmọ rí.

Otigba_Wáyà | 11:30

Ó dára. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìpinnu tó ní èso, ẹ wá sí EVE Online kí ẹ wá jẹ èso náà.

Géèmù ọkọ̀ ojú òfuurufú ni, láti 2003 ló ti wà, àwọn ará Iceland ló ṣe é. Bí a bá yọ ti China sọ́tọ̀, sẹ́fà kan ló kó gbogbo èèyàn mọ́ra, kò sí pé ayé tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ. Ohun tí ẹ bá kọ́, wọ́n lè wó o. Ohun tí ẹ bá rà, wọ́n lè jí i kó. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ẹgbẹ́ kan tí ó ní ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní B-R5RB kò san owó ìní ibẹ̀ lásìkò. Owó kékeré! Ilẹ̀ mọ́, ibẹ̀ kò ní olówó mọ́, àwọn ọ̀tá wọlé, ẹgbẹ́ kejì pe ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ pe ọ̀rẹ́. Wọ́n jà fún nǹkan bíi wákàtí 21. Ọkọ̀ Titan 75 ló run, èyí tí kíkọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ń gba ẹgbẹ́ ńlá lákòókò gan-an. Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ sí owó gidi, ó tó $300,000. Àwọn tó ṣe géèmù náà fi àwókù àwọn ọkọ̀ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìrántí.

Bíi kí èèyàn gbàgbé láti san owó iná, kó jí bá gbogbo àdúgbò nínú ogun. Kò sí òǹkọ̀wé kan tó jókòó kọ ọ́. Ìyẹn ni mò ń pè ní ìpinnu.

Ọmọ_Bárígà | 11:44

Ogun nìyẹn, ìwọ Otigba. Ìtàn ni mò ń sọ, èyí tí ẹnì kan jókòó kọ fún mi.

Yàtọ̀ síyẹn, ta ló ní ìgbà rẹ̀? Ṣé o rántí oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Côte d'Ivoire, tí gbogbo Èkó ń gbé fóònù sókè bí ẹni ń wá òṣùpá? Mi ò rí géèmù mi wọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí mo padà dé, olè mi ṣì dúró síbi tí mo fi í sí. Bó bá jẹ́ EVE ni, ẹ̀yin náà ì bá ti kó mi nílé lọ.

Otigba_Wáyà | 11:45

Èmi gan-an ni ì bá kó o.

Alàgbà_Máríínà | Àbámẹ́ta, 7:25 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ Bárígà ní ogun kì í ṣe ìtàn. Ó jẹ́ ìtàn nígbà mìíràn. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn ni wọ́n kọ, àwọn èèyàn ló kọ̀.

Géèmù kan wà tó ń jẹ́ Asheron's Call, 1999 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n pa á ní 2017. Oṣooṣù ni wọ́n máa ń fi orí tuntun kún ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 2000, ìtàn dé ibi tí wọ́n ti há ẹ̀mí búburú kan mọ́, orúkọ rẹ̀ ni Bael'Zharon, àwọn òkúta iyebíye ló sì dè é mọ́lẹ̀. Ète àwọn òǹkọ̀wé ni pé kí àwọn eléré fọ́ àwọn òkúta náà, kí ẹ̀mí náà jáde, kí ogun bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ àwa èèyàn, bí a bá rí ohun tó ń dán, a ó fọ́ ọ. Ní gbogbo sẹ́fà, wọ́n fọ́ ọ. Àfi sẹ́fà kan, Thistledown. Àwọn kan níbẹ̀ pàdé, wọ́n ní àwọn kò gbà. Wọ́n yí òkúta tó kẹ́yìn ká, wọ́n ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru, ẹni tó bá wá fọ́ ọ, wọ́n á pa á.

Wàhálà dé. Ìtàn oṣù tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀, Bael'Zharon gbọ́dọ̀ jáde. Níkẹyìn, àwọn tó ṣe géèmù fúnra wọn ló gbé agbára wọ̀, wọ́n wọlé, wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, òkúta sì fọ́. Ọ̀nà tún pàdé, bí Tìtí ṣe wí. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ère ìrántí fún àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ní Thistledown, ní sẹ́fà yẹn nìkan.

Mo máa ń ronú sí i. Wọ́n pàdánù pátápátá. Síbẹ̀, nínú gbogbo sẹ́fà tó wà, tiwọn nìkan la ṣì ń sọ lónìí.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà | 8:02

Ẹ̀gbọ́n, ara mi bù máṣọ.

Èyí tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni ti World of Warcraft ní 2018. Ẹni tó bá wà ní Horde, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjì tó ń bá ara wọn jà níbẹ̀, ọ̀gá wọn Sylvanas ló ní kí wọ́n dáná sun Teldrassil, igi ńlá tí àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Wọn ò bi eléré kankan. Ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀, ẹnu rẹ kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Horde bínú gidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fún wọn láyè láti yan Sylvanas tàbí Saurfang, ọ̀gágun Horde tó kẹ̀yìn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2019, Saurfang jáde lọ bá Sylvanas jà ní ẹnu ibodè, ó sì kú, yálà tirẹ̀ lo ṣe tàbí ti obìnrin yẹn.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ kí wọ́n má bi mí rárá, ju kí wọ́n bi mí lẹ́yìn tí ilé ti jó tán.

Bàbá_Ìbejì_Ṣúrùlérè | 8:10

Èyí tí mo sọ lánàá nìyẹn.

Otigba_Wáyà | 8:31

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ mi, ti ẹ̀rọ. Yàtọ̀ sí owó, ìdí mìíràn wà. Bí èmi bá dáná sun abúlé kan tí ìwọ kò sun ún, tí àwa méjèèjì wá dúró lórí ilẹ̀ kan náà, ta ni kó rí iná? Ní World of Warcraft, láti nǹkan bí 2008 ni wọ́n ti ń lo ọgbọ́n kan dáadáa tí wọ́n ń pè ní phasing: ibì kan náà ni, ṣùgbọ́n oníkálukú ń rí i bí ìtàn tirẹ̀ bá ṣe dé. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí The Elder Scrolls Online jáde ní 2014, irú rẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ débi pé ọ̀rẹ́ méjì á jọ wọlé, ọ̀kan á ní "mo ti dé iwájú ọgbà", èkejì á ní "èmi náà wà níbẹ̀", wọn kò sì ní rí ara wọn. Bí ẹni méjì tó ní káwọn pàdé lábẹ́ afárá Ọ̀ṣọ́dì.

Ìgbà tí ayé bá ti gbọ́ tìrẹ jù, o ó dá wà nínú rẹ̀ ni. Èyí tí ẹ bá sì fẹ́ kí gbogbo wa jọ wà nínú rẹ̀, kò lè gbọ́ ti ẹnì kan.

Ọmọ_Bárígà | 9:15

Èyí ni ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn! Ìwọ tí mo rò pé àwàdà nìkan lo mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, kò tíì tó. Mo gbà pé olè kan kò lè yí ayé gbogbo èèyàn padà. Mi ò bèèrè fún ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Mo ronú gan-an. Mo ronú kan ọmọ kan tí wọ́n mú ní àdúgbò wa nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò fẹ́ sọ ọ́ níbí. Àbúrò mi kò ronú kan nǹkan kan. Géèmù wá wo àwa méjèèjì, ó ní bákan náà la rí.

Tìtí_Àkókà | 9:33

Mo ti gbọ́ ọ wàyí. Àná, ọ̀rọ̀ ìtàn tó yí padà lo mú wá. Ti òní, o fẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Ìyẹn kò wọ́n. Àwa tí a ń kọ ọ́ máa ń fi nǹkan kéékèèké pamọ́ fún irú rẹ, torí a kò lówó ohun ńlá. Bí ẹnì kan ṣe kí ọ. Lẹ́tà kan nínú àpótí. Àwọn ọmọ tí a jọ ṣe ti orí fóònù yẹn, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ajá kan máa tẹ̀lé ẹni tó bá fún un lóúnjẹ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ajá náà kì í jà, kì í gbé nǹkan, kò wúlò fún ohunkóhun. Òun nìkan ni àwọn tó ṣe é ń bi mí léèrè.

Nígbà tí olè rẹ sọ ti ihò yẹn tán, kí ló tún ṣe? Ṣé o dúró, àbí o sáré wọ ihò lọ?

Ọmọ_Bárígà | 9:36

Àǹtí, mo sáré wọ ihò. Mo fẹ́ lọ pe àbúrò mi.

Tìtí_Àkókà | 9:37

Ìkánjú. Lọ yẹ àpò akọni rẹ wò.

Ọmọ_Bárígà | 9:40

Iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ wa kò ní epo. Tó bá di alẹ́.

Otigba_Wáyà | 9:41

Tìtí, o ò lè ṣe báyìí sí gbogbo wa. Bẹntiróòlù lítà mélòó ló fẹ́? Èmi á dá lára owó rẹ̀.

Ọmọ_Ìdúmọ̀tà | 1:20 ọ̀sán

Ṣé iná ti dé ní Bárígà?

Bàbá_Ìbejì_Ṣúrùlérè | 4:48

Mò ń wẹ ọmọ, mo sì ń wo ojú ewé yìí. Kí lẹ ṣe fún mi?

Ọmọ_Bárígà | 8:57 alẹ́

Iná dé ní ago méje àbọ̀. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nísàlẹ̀ àpò pátápátá, lábẹ́ ewé àti egungun tí mo ń kó jọ fún títà, òrùka bàbà kan wà níbẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Kò ní agbára kankan, kò fi nǹkan kan kún idà tàbí asà. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Ìyá mi ló ni ín. Mo jí gbogbo nǹkan yòókù." Ó tán.

Mo pe àbúrò mi. Òun náà yẹ àpò tirẹ̀ wò láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ ní òrùka tí kò wúlò. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní òun á fọ abọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan bí mo bá lè fún òun.

Mo gbìyànjú. Wọ́n ní kò ṣeé tà, kò ṣeé fún ẹlòmíràn. Ó ti wá jókòó tì mí báyìí, ó ń bẹ̀rẹ̀ akọni tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú olè náà wá síwájú rẹ̀ ni. Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ti ń wò ó.